Ẹ̀wà Inú Agolo Mẹ́ta

Alága àwa tí à ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò lẹ́yìn Òkòta ni ó kọ́kọ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Bí mo bá rántí rẹ̀, òórùn oògùn tó fi ń pa koríko ló máa ń kọ́kọ́ wọ imú mi, òórùn kan bíi ti kẹrosíìnì, tí í bá aṣọ èèyàn délé. Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì ní Ìsọlọ̀ ni mo gba ebè mẹ́fà létí odò náà. Kò pẹ́ tí ọrùn tẹ̀tẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí wọ́, ewé rẹ̀ ń ká kò, ó sì ń kú. Alága dìde nínú ìpàdé, ó nawọ́ sí mi: "Ọwọ́ obìnrin yìí ò dáa. Ẹ jẹ́ ká gba ebè yẹn fún ẹlòmíì." Wọ́n fún mi lóṣù kan péré kí n fi kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan ò gbèjà mi, títí kan ìyá eléwúro tí ebè wa jọ pààlà, tí mo kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Mo jókòó, mo ronú. Ìsàlẹ̀ ibi tí alága ti ń fọ pọ́ǹpù tó fi ń fín oògùn ni mo ti ń pọnmi; òkè ni àwọn yòókù ti ń pọn tiwọn. Mo gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì mẹ́ta. Mo ń fi omi kànga rin ọ̀kan, mo ń fi omi òkè odò rin èkejì, mo ń fi omi ìsàlẹ̀ rin ẹ̀kẹta.

Lọ́jọ́ ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì.

"Tíṣà, ṣé mílíìkì lẹ wá ń tà báyìí?" ni alága wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n sún mọ́ ọn. Méjì dúró ṣánṣán; ẹ̀kẹta ti lọ́rùn bí adìẹ tí wọ́n ń pa.

"Èmi kan náà ló gbìn wọ́n. Omi ni kò jọra."

Ìyá eléwúro ké: "Háà! Àbí àjẹ́ máa ń pa ọ̀kan dá méjì sí ni?"

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí ẹ̀wà tí òun náà ń fi omi ìsàlẹ̀ rin fi wọ́. Ẹ ò rí i, odò yẹn ò dúró sọ́dọ̀ wa. Inú omi ńlá ló ń ṣàn lọ, àwọn tó ń pẹja nísàlẹ̀ ò sì mọ ẹni tó ń fún wọn ní májèlé. Ìpàdé fòfin de fífọ pọ́ǹpù sódò, wọ́n sì ní ebè alága ni àwọn máa gbà.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi dénú egungun. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n dán nǹkan wò kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀kọ́ náà wá san mí lẹ́san, nígbà tí alága dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ níwájú mi, tó ní: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Níbo ni mo tún ti fẹ́ rílẹ̀ l'Ékòó yìí?"