Orín Ata fún Ẹsẹ̀ Mọ́tò

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Sìrájù. Etí ọ̀sà ní Koumassi, nílẹ̀ elédè Faransé, ni èmi àti ẹ̀ ti jọ ń fọ mọ́tò láti 1964. Takisí lèmi ń fọ̀. Òun ni wọ́n ń gbé mọ́tò olówó wá bá.

Jáǹtì ló fà á. Irin inú táyà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí. Ti Mésíọ̀ Lazare, oníbàárà rẹ̀ kan, ará Pọ́tónófò, ní sípóòkù tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́, wọ́n gba orí ara wọn kọjá. Ẹrẹ̀ a máa dì sí ìdí wọn, ìka kì í dé ibẹ̀. Sìrájù ti dán nǹkan pọ̀ wò. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ń họ ọ́. Kànìnkànìn ń já síbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tóbi jù. Ìyẹ́ adìẹ kò lágbára. Orín ata nìkan ló bá a mu, tí wọ́n bá ti run orí rẹ̀ títí ó fi rí bí irun.

Mùkàrámà, ìyàwó rẹ̀, ló ń run ún. Eyín Sìrájù ń gé orín ni. Eyín obìnrin náà ń là á. Láràárọ̀ ni yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò run ún, yóò fi omi ṣàn án, yóò dì í sínú àkísà fún ọkọ rẹ̀. Nígbà ààwẹ̀, kí wọ́n tó jẹ sààrì ló ti ń run ún.

Ní 1971, lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Lazare bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo mọ́tò rẹ̀.

"Sìrájù, ta ló họ jáǹtì mi?"

Sìrájù wo orín ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ti di irun. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì jẹ́ igi.

Mo ní, "Ìyàwó ẹ ti darúgbó! Eyín ti tán lẹ́nu ẹ̀!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kó àkísà rẹ̀, ó kọrí sílé lọ́sàn-án gangan. Mo rò pé ìjà ni, mo tẹ̀ lé e.

"Mùkàrámà, yanu."

"Bàbá Raliatou, ṣé àgbò iléyá lẹ fẹ́ rà ni?"

"Mo ní yanu."

Ó yanu. Egbò funfun kan wà lábẹ́ ahọ́n, lápá òsì.

"Látìgbà wo?"

"Ó ti ṣáájú ààwẹ̀."

"O sì ń run orín ata lé e?"

"Apá ọ̀tún ni mo fi ń run ún. Tí mi ò bá run ún, kí lẹ ó fi fọ jáǹtì?"

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni egbò náà, ó ti wọ egungun àgbọ̀n. Wọ́n ní kò sóhun tí àwọn lè gé mọ́.

Sìrájù ní Mùkàrámà kò gbọdọ̀ fi orín kan ẹnu mọ́ láé. Ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó fi abẹ gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀. Ẹrẹ̀ ń ṣẹ́kù sídìí sípóòkù. Lazare ń kùn.

Mùkàrámà kú lọ́dún kejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Àdìzátù, àbúrò rẹ̀ tó tọ́jú rẹ̀, fa agolo mílíìkì kan yọ lábẹ́ ibùsùn. Orín ata ló kún un, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Mùkàrámà ti run wọ́n yí po. Kò sí èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ igi.

Sìrájù ní, "Ta ló ra orín fún un?"

"Èmi ni, Bọ̀dá. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Tí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, á ní kí n gbé orí òun sókè. Á máa run ún, omi á máa bọ́ lójú ẹ̀."

Sìrájù gbé agolo náà wá sétí ọ̀sà. Ó ń rẹ wọ́n sómi, ó ń lò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jáǹtì Lazare mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n ti ń tán, mo ní kó fi ẹyọ kan pamọ́.

Ó ní, "Kò run ún fún ìpamọ́. Jáǹtì ló run ún fún."

Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jẹ tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ fún Lazare pé kó wá ẹlòmíràn. Ó wá bá mi nídìí takisí. Jáǹtì takisí kò ní sípóòkù. Àkísà ti tó o.