Ààbọ̀ Ìṣẹ́jú Tí Ọkọ Mi Fi Kí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì: mo mọ ìdáhùn yẹn. Mo jókòó ní ìlà kẹta nínú gbọ̀ngàn tẹlifíṣàn ní Òṣogbo níbí, ìdáhùn wà lórí ahọ́n mi, mo sì gbé e mì.

Ọlágòkè ni orúkọ ọkọ mi. Ọmọ Ìwàrà ni, lẹ́bàá Iléṣà, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń gbé Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Fọ́tòkọ́pì ló ń ṣe ní Alekuwodo. Èmi Julianah, mílíìkì àti ṣúgà ni mo ń tà níwájú ilé. Kò sí ìwé tó gba abẹ́ ẹ̀rọ ọkọ mi kọjá tí kò ní kà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé nóòtì wá, kí lọ́yà gbé ìwé ilẹ̀ wá, kí ṣọ́ọ̀ṣì gbé ètò ìsìn òkú wá, á ti ka gbogbo rẹ̀ tán kí oníbàárà tó gba ṣéńjì. Bó ṣe mọ iye egungun tó wà lára èèyàn nìyẹn, tó mọ olú-ìlú Mòngólíà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá iyọ̀ ṣì wà nílé, kò mọ̀.

Ètò kan wà lórí tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní Ta Ló Mọ̀ Ọ́n. Ìbéèrè mẹ́wàá ni. Ẹni tó bá gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọn á rán òun fúnra rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ kan nílé-ẹ̀kọ́ títí yóò fi jáde. Ẹni tó bá kùnà, fáànù onídùúró ni yóò gbé lọ sílé. Nígbà náà, Tèmi ọmọbìnrin wa ti rí àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Agbára wa kò ká a, oṣù kan ló sì kù kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ọkọ mi fi àwàdà gba fọ́ọ̀mù ètò náà. Bí eré, bí eré, àlàbọrùn di ẹ̀wù: wọ́n pè é.

Ibì kan wà lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ní kí èèyàn kọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo tí yóò pè lórí fóònù bí ìbéèrè bá le. Mo ní, "Ẹ kọ orúkọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Tèmi, kí ni n ó wá bi ọ́? Iye tí wọ́n ń ta mílíìkì?"

Ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nehemiah ni wọ́n ń jẹ́. Nítorí yín ni mo ṣe dárúkọ wọn, nítorí ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ lórúkọ. Bọ̀dá Àgbà ni mo ń pè wọ́n. Kòkó àti obì ni wọ́n ń gbìn ní Ìwàrà, wọn kò sì kọjá ìwé kẹrin. Ìgbà tí bàbá wọn kú, àwọn ni wọ́n fi ilé-ìwé sílẹ̀ wọ oko kí ọkọ mi lè kàwé. Mo bi ọkọ mi pé ṣé ẹni tí kò kọjá ìwé kẹrin ni yóò pè. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀, òun fẹ́ kí gbogbo Ìwàrà gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun lórí tẹlifíṣàn. Inú bí mi, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ sí irú ìyẹn?

Lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin tó ń darí ètò, Rùkáyà lorúkọ rẹ̀, ka òfin fún àwa tí a wá wòran. Ó ní ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá sọ̀rọ̀, tó bá mi orí, tó bá wúkọ́ lọ́nà tí kò yé wọn, wọ́n ti lé ẹni tó wà lórí àga nìyẹn. Wọ́n wá fi ọkùnrin gbàgìdì kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà wa. Ilẹ̀kùn ti tì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wa lọ́rùn.

Ọkọ mi gba mẹ́sàn-án. Mi ò ní purọ́ fún yín, orí mi wú. Tèmi tó jókòó tì mí di ọwọ́ mi mú títí ó fi ń dùn mí.

Ìbéèrè kẹwàá dé: láti erékùṣù wo ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé kòkó wọ Nàìjíríà? Orúkọ mẹ́rin hàn lójú ẹ̀rọ: Sao Tome, Fernando Po, Madagascar, Zanzibar.

Fernando Po ni. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ọdọọdún tí wọ́n bá ń fọ́ kòkó ní Ìwàrà, èmi ni mo ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ọkọ mi kì í fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdọọdún náà ni Bọ̀dá Àgbà máa ń fi àdá lu kòkó àkọ́kọ́, tí wọ́n á ní, "Ìyàwó, àlejò ni igi yìí o. Fernando Po ló ti wá. Bàbá tó bí bàbá mi ló sọ fún mi." Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi.

Ọkọ mi wo àwọn orúkọ náà. Mo rí i pé ó ti yọ méjì kúrò, ó wá há sáàárín Sao Tome àti Fernando Po. Ó ní òun fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní nínú mi pé, Olúwa ṣeun, ibi tí ìdáhùn wà gan-an ló ń pè yìí. Rùkáyà ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré ló ní, àti pé bí ẹni tí a pè bá ti gbé fóònù ni aago yóò bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé e. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Níwájú kámẹ́rà, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ fún fóònù.

"Ẹ káàsán sà, bọ̀dá mi."

"Ta nìyẹn? Ọlágòkè?"

"Èmi ni sà."

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Láti Sọ́ńdè ìjọsí mi ò gbúròó rẹ. Ṣé kò sí?"

"Kò sí sà. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ kò ní pa ọ́. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà sà, ó ń kí yín."

"Tèmi ńkọ́? Ara rẹ̀ le?"

"Ó le sà. Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan..."

"Wọ́n ní kí n jókòó ti fóònù, mo sì ti jókòó tì í láti àárọ̀. Mi ò tíì jẹun."

"Ẹ ṣeun sà. Ẹ̀mí yín á gùn. Láti erékùṣù wo ni wọ́n..."

Fóònù já. Aago ti di òdo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, kí lẹ̀ bá ṣe? Ṣé ẹ ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu níṣojú gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ̀gbọ́n tó wọ oko nítorí yín? Bó bá kí wọn, ìdáhùn lọ. Bí kò bá kí wọn, wọ́n á ní ó ti gbàgbé ẹni tó rán an níwèé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Èmi náà ń bẹ níbi tèmi, mo fi etí gèlè di ẹnu mi. Ọkùnrin gbàgìdì yẹn ń wò mí. Ọkọ mi gbójú sókè, ó wá mi láàárín èrò, ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo wo ilẹ̀, kí ojú mi má baà sọ ohun tí ẹnu mi ò gbọdọ̀ sọ.

Ó mú Sao Tome.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá ni a gbé fáànù náà sí wá sílé. Tèmi ló dì í mú títí a fi dé Òkè Baálẹ̀, kó má baà ṣubú.

Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, Alekuwodo kò gba ọkọ mi mọ́. Àwọn oníbàárà á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á ní, "Ẹ káàsán sà, bọ̀dá mi." Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Èmi kò sì lè sọ tèmi fún un. Bí mo bá sọ ọ́, mo fi iyọ̀ sójú egbò nìyẹn. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, inú mi ni yóò máa jẹ. Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kẹta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ kí Bọ̀dá Àgbà ní Ìwàrà. Kò sí iná lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́, nítorí náà wọn kò wò ó. Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn yẹn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí ara wa ni, wọ́n já fóònù. Kí ni wọ́n tiẹ̀ bi ọ́?"

Ọkọ mi sọ ọ́ fún wọn.

Bọ̀dá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà ló le? Fernando Po ni. Ṣebí Ìyàwó mọ̀ ọ́n. Ọdọọdún ni mo ń sọ ọ́ fún un nídìí kòkó, ó ti ń gbà á sọ mọ́ mi lẹ́nu."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Tèmi náà yíjú sí mi. Mo ń wo ọwọ́ ara mi.

A délé. Ọkọ mi kò tiẹ̀ tíì bọ́ bàtà tó fi bi mí.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Níbẹ̀ yẹn?"

"Níbẹ̀ yẹn. Ẹ sì gbọ́ òfin tí wọ́n kà fún wa. Ṣebí mo ní kí ẹ kọ orúkọ mi."

Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àfi ìgbà tí mo rí ojú Tèmi lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé e ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ilé ìtajà oògùn kan ní Alekuwodo ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà, ó ń ka oògùn sínú ọ̀rá fún àwọn èèyàn.

Ẹnìkan kì í ṣe Ta Ló Mọ̀ Ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, òfin wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, Tèmi lọ gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Wọ́n ti pè é, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di àná tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀ àti èmi. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ ẹni tí yóò pè, orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀, tó mọ olú-ìlú Mòngólíà, kò sí níbì kankan.

Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dún tó kọjá ló wá dé yìí, mo sì fẹ́ sá fún un. Bí n ò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́? Láti àná, nóòtì akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkọ mi kó wálé ni mo ń kà nídìí ọjà, mílíìkì ń lọ láìgbowó.

Lánàá náà, nídìí tábìlì yẹn, Tèmi kúnlẹ̀. "Mọ́mì, bí mo bá pè yín lọ́jọ́ náà, mi ò ní lè kí yín. Ẹ̀yin náà, ẹ má kí mi. Mo ń tọrọ àyè rẹ̀ lọ́wọ́ yín nísinsìnyí, ẹ má bínú."

Mo ní kò burú, ọmọ mi, mo yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọkọ mi jókòó ti fáànù, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé náà.

Ó ní, "Àṣé èèyàn lè ti tọrọ àyè rẹ̀ sílẹ̀?"