Ìwé Ìwọ̀n Àǹtí Téèpù

Ojo ni mí, n kò sì fi bò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbálẹ̀ ní ilé ẹjọ́, gbogbo òfin tí mo sì mọ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í bẹ̀rù ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù fún àwa méjèèjì.

Aránṣọ ni, yúnífọ́ọ̀mù iléèwé ló sì ń rán jù. Àǹtí Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí téèpù ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó gbé e sọ́rùn lọ síbi ìsìnkú rí. Ó ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí: déètì, àyà, ìbàdí, gígùn. Kì í ya ojú ewé kankan kúrò níbẹ̀. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó kí ọ tán, téèpù ti wà nídìí rẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin kan wọlé tòun ti báàgì iléèwé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń rán aṣọ rẹ̀ láti kékeré. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn àti ọkọ ìyá wọn, ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní òpópónà kejì. Ó ní òun ò padà sílé mọ́. Ọkọ ìyá òun máa ń ti ilé ìdáná pa, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò rẹ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ ò sì ní jẹun títí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kínú rẹ̀ tó rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì bó ti ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, ó sì mú un wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré lọ bá a. "Àǹtí mi, ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjìdínlógún ò lè dá fi ilé òbí ẹ̀ sílẹ̀. Àfi kí òbí fọwọ́ sí i, tàbí kí adájọ́ pàṣẹ."

"Ó ku oṣù mẹ́rin kó pé."

"Oṣù mẹ́rin ò yàtọ̀ sí ogún ọdún lójú adájọ́. Ẹni tó bá sì gbé ọmọ ọlọ́mọ pamọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ fẹjọ́ sùn lónìí."

"Tí wọ́n bá dá a padà ńkọ́?"

N kò dárúkọ ọ́fíìsì náà mọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti dá ọmọ padà rí.

Fún ọjọ́ mẹ́jọ, bí mo bá ti gbálẹ̀ tán ní ilé ẹjọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń wà. Bí mọ́tò bá dúró níta, màá ti dé ojú fèrèsé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kì í kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ìdajì, á fi ìdajì sínú báàgì. Mo ní a kì í ti ilé ìdáná pa níbí, kó jẹun rẹ̀ tán. Ó ní, "Ti àbúrò mi ni."

Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án gangan, onífíríìjì dé pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì. Kò pariwo, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ mi ni mo wá mú."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò rí ọmọ kankan. Ọlọ́pàá àgbà ò bá a jiyàn. Ó kàn fa ìwé tó wà lórí tábìlì mọ́ra, ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀, déètì ọjọ́ Ajé wà níbẹ̀. Irọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò pé ìṣẹ́jú márùn-ún láyé. Mo fẹ́ bú u, mo sì fẹ́ sunkún. Aránṣọ nìkan ló lè gbé ènìyàn pamọ́ kó tún kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti wà níwájú adájọ́, àwa, ọmọ náà, ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀, ìwé náà sì ni ẹ̀rí. Bẹ́ǹṣì tí mò ń nù láràárọ̀ ni mo jókòó sí. Adájọ́ obìnrin náà ṣí ibi tí ọlọ́pàá tọ́ka sí, ó tún ṣí i lọ sẹ́yìn, ọdún kan, ọdún méjì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Aránṣọ, kí ni nọ́ńbà yìí?"

"Ìbàdí ẹ̀ ni, mà."

"Lọ́dún méjì sẹ́yìn, íńṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́rìnlélógún. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, méjìlélógún. Bẹ́ẹ̀ gígùn ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ta ló ń din ọmọ yìí kù?"

Onífíríìjì ní ọmọ náà ni kì í fẹ́ jẹun. Adájọ́ kọjú sí ìyá ọmọ. Ìyá wo ọkọ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo bínú sí obìnrin yẹn ju bí mo ṣe bínú sí ọkọ rẹ̀ lọ.

Adájọ́ pàṣẹ kí ọmọ náà máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi títí yóò fi pé ọdún méjìdínlógún. Ó wá kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi: "Ìwé yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbé wá. Bí ẹ bá tún gbé ọmọ pamọ́ láìfẹjọ́ sùn, ẹ̀wọ̀n lẹ̀ ń lọ." Ẹnikẹ́ni ò béèrè àbúrò ọmọ náà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà ò rántí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fa àbúrò náà lọ́wọ́, ó sì ń bojú wẹ̀yìn. Ó kọ̀ láti jókòó.

"Yúnífọ́ọ̀mù ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ti fa téèpù yọ. "Aṣọ ẹ̀ dà?"

"Mi ò mú aṣọ wá, Àǹtí. Ẹ ṣáà bá mi wọn ọmọ yìí. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì kọ déètì sí i."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wọ̀n ọ́n, ó wo nọ́ńbà ọdún tó kọjá, ó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. N kò rí i kó wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì rí. Ó kọ ọ́, ó pa ìwé náà dé, ó nà án sí mi.

"Ọ́fíìsì tó o sọ lọ́jọ́sí, wọ́n ṣì ṣí?"

Mo ní aago mẹ́rin ni wọ́n ń tì. Aago mẹ́ta ti kọjá, iwájú ṣọ́ọ̀bù onífíríìjì sì ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà. Mo gbá ìwé náà mọ́ àyà, mo sì kọ́kọ́ jáde.