Bàbá Onílé Tó Wà ní Pálọ̀

Ilé mẹ́sàn-án ni mo wò ní Ìlá kí n tó dé èyí tí mò ń sọ yìí. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi kúrò n'Íbàdàn ni, ìjọba sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò máa bá àwa tí wọ́n gbé wá san ìdajì owó ilé. Fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n fún wa. Onílé gbọ́dọ̀ tẹ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí i, ẹni tí ìjọba bá rán yóò sì wá fojú ara rẹ̀ rí ilé náà. Láìsí ìrànwọ́ yẹn, owó oṣù mi ò lè gba ilé. Bẹ́ẹ̀ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n sì ti sọ ọ́ lójú mi pé àwọn ò ní yọ̀ǹda ọmọ fún ẹni tó ń sùn mọ́ ọ̀rẹ́ ní yàrá kan. Mo bínú débi pé n kò dágbére fún wọn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àwọn onílé Ìlá ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìjọba sétí. Wọ́n ní ìjọba kì í sanwó lásìkò. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n rẹ fọ́ọ̀mù náà sómi kí n mu ún. Ìyá àgbà kan tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ló wá sọ fún mi pé ilé ẹ̀gbọ́n àwọn kan, ọkùnrin tó ti dolóògbé, ṣófo. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ti lọ sílùú òyìnbó, wọn ò sì bọ̀. Yàrá méjì, pálọ̀, kànga lẹ́yìn. Iye tí ìyá dá lé e kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bi wọ́n bóyá ilé náà ń jò. Wọ́n ní kò jò.

Ọ̀sán gangan la wọ ibẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti lọ sóko, kò sí ìró kankan. Ilé tí wọ́n ti tì pa láti ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo bi ìyá bóyá àwọn ló ń gbá a. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, àwọn ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Láàárín pálọ̀, táìlì funfun mẹ́fà wà nínú sìmẹ́ǹtì, àga onígi kan sì wà ní ìgbèrí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n ìyá, bàbá onílé, sí, nínú ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Bàbá bàbá tèmi náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Àdéhùn tí ìyá bá mi ṣe ló yà mí lẹ́nu. Bí mo bá ń jáde, kí n dágbére fún bàbá. Bí mo bá wọlé, kí n kí wọn. N kò gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga yẹn láé.

Mo bi wọ́n pé ta ni yóò wá tẹ àtàǹpàkò. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè. Kò sí àtàǹpàkò níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá ti gé e lọ́jọ́ tó ti pẹ́.

Wọ́n ní, "Ilé yìí, ti ẹ̀gbọ́n mi ni. A ò tíì pín in. Gbé ìwé rẹ sórí àga wọn."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé fọ́ọ̀mù àti páàdì íǹkì sórí àga, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó wà lọ.

Nígbà tí mo padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti tẹ ìwé náà. Àtàǹpàkò tó fẹ̀ ni, àpá kan sì là á já láàárín. Orí mi wú. Mo sọ fún ara mi pé ìyá ló bẹ ẹnì kan, ẹni náà gba ojú fèrèsé wọlé. Mo lọ bi wọ́n léèrè. Ohun tí wọ́n bi mí padà ni pé ṣé mo ti dúpẹ́. Èmi, odindi olùkọ́, mo padà lọ kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ táìlì.

Mo kó wọlé. Ìgbálẹ̀ kì í wà níbi tí mo bá fi í sí. Lọ́jọ́ tí agídí mú mi, tí mo jáde láìdágbére, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ láti yí nígbà tí mo dé lọ́sàn-án. Mo bá a jà títí ọwọ́ fi ń ta mí. Mo wá fẹnu sí ojú fèrèsé, mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Mo ti dé." Ó yí.

Ọ̀sán ni ẹni tí ìjọba rán dé, ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbé fáìlì lọ́wọ́, òógùn bò ó. Ó wo àtàǹpàkò, ó wo kànga, ó wá bi mí pé ẹni mélòó ló ń gbé ilé náà. Mo ti múra láti sọ pé àwa méjì.

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mẹ́ta. Èmi, ọmọ mi, àti bàbá onílé."

Ó ní òun á fẹ́ kí bàbá. Mo mọ̀ pé ó tán, pé ọmọ mi ò ní wá mọ́. Kí n tó dá a dúró, ó ti bọ́ bàtà, ó ti kúrò nínú oòrùn, ó ti wọ pálọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i tó dọ̀bálẹ̀ síwájú àga òfìfo náà, tó ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ó dorí kodò.

"Àmín, sà," ó wí. "Àmín. Ẹ ṣé gan-an, sà."

Ó jáde, ó kọ mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀. Ó ní bàbá mi yìí mọ àdúrà í ṣe. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù tó tẹ̀ lé e ni ọmọ mi dé, pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé rẹ̀ àti bàtà tó ti kéré fún un. Ó fẹ́ sáré wọlé, mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó kí bàbá onílé. Ó wo pálọ̀ yíká, ó wò mí, ó sì kúnlẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kúnlẹ̀ tì í.