Ọmọ Tí Mo Pè Ní Ọ̀lẹ

Ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà nínú oko lẹ́yìn Moniya tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní bàólójì níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nínú gbogbo ọmọ tí mo kọ́ níbẹ̀, ojú ọ̀kan kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọmọbìnrin ni, ọmọ àgbẹ̀ mùsùlùmí kan. Kò sẹ́ni tó lè bá a sáré láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ọ̀fìnkìn líle kan jà ládùúgbò: ikọ́, ibà, ara ríro. Ọmọ yìí náà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó padà wá, ibà ti lọ, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń kọ́ wọn nípa mitokọ́ńdíríà, ohun tíntìntín tó ń sọ oúnjẹ di agbára nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, mo rí i tó gbé orí lé tábìlì.

"Dìde! Kí ni mo sọ?"

"Ẹ má bínú, mà. Ó rẹ̀ mí ni."

"Láàárọ̀ kùtù yìí? Iṣẹ́ wo lo ṣe? Ọ̀lẹ!"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó mú àdá, kó lọ gé koríko ẹ̀yìn kíláàsì. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, àyà mi ń lù kì-kì-kì."

Mo ní kó máa lọ.

Kò tíì gé e dé ìdajì tó fi ṣubú. Orí ọ̀kadà ni mo gbé e sí, láàárín èmi àti ọlọ́kadà, títí a fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ọ̀dọ́ kan bi mí bóyá ọmọ náà ti ṣàìsàn láìpẹ́ yìí.

"Ọ̀fìnkìn lásán ni," mo ní.

Ó wò mí. "Fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tó ń fa ọ̀fìnkìn yẹn, máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, mà. Ó lè ba ibi tí agbára ti ń wá jẹ́. Ibà á lọ, ara ò ní tíì padà bọ̀ sípò. Nígbà mìíràn ó máa ń dé ọkàn pàápàá. Ìsinmi ló yẹ ọmọ yìí. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Tíṣà ni mí." N kò lè sọ pé bàólójì ni mo ń kọ́ wọn.

Ó yè. Lẹ́yìn bí oṣù kan, bàbá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́ta wá sílé ẹ̀kọ́.

"Alihamudulilahi," wọ́n ní. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbé ọmọ mi dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo gba iṣu náà. N kò lè sè é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo lọ bá wọn lábúlé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo rán ọmọ náà lọ gé koríko, lẹ́yìn tó ti bẹ̀ mí.



"Ẹ dìde, ìyá," wọ́n ní. "Mo ti mọ̀ kí n tó gbé iṣu wá. Ọmọ mi sọ fún mi. Òun náà ló ní kí n má bi yín."

Ọmọ náà parí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sáré mọ́. Bí a bá pàdé, á kúnlẹ̀ kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ìkíni yẹn le fún mi ju èébú lọ.