Ọjọ́ Tí Òjò Gbà Wá Lọ́wọ́ Eré

Ọkọ mi ló ra akàn bọ̀ láti Ọjà Olúwo lọ́sàn-án àná. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó sì mọ̀ pé bí òun bá padà wá sí Ìkòròdú lọ́wọ́ òfo, ẹnu mi ò ní í dákẹ́. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí akàn náà wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó fi abọ́ dé e, ó bá lọ na ara lé bẹ́ẹ̀dì. Èmi wà níwájú kọ̀ǹpútà mi, mò ń wo àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí mo ti kà láìmọye ìgbà tí mi ò tíì fèsì sí, ni mo bá gbọ́ ọ: hàrà, hàrà, hàrà. Akàn ló ń họ ike. Ẹ̀yin tí ẹ ò dàgbà létí ọ̀sà lè pe ìyẹn ní ariwo lásán. Èmi, ṣe ni ara mi ta gìrì, tí mo di ọmọ kékeré lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ọ́fíìsì wa sì wà nítòsí ibùdókọ̀ Benson. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, tí mo jẹun tán, géèmù ni mò ń yà. Kì í ṣe pé èmi ni mo ṣe géèmù náà látìbẹ̀rẹ̀ o. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi ló ṣe é. Èmi kàn ń ya ibi tí ẹni tó ń gbá a máa gbà kọjá ni, ògiri níbí, kòtò lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn tí èèyàn ò ní í tètè rí. Ìpele ni mò ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá yà á tán, màá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá wù gbá a lọ́fẹ̀ẹ́. Ládùúgbò wa ní Itamaga, Ìyá Géèmù ni wọ́n ń pè mí, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń jẹ́ ẹ. Wàyí o, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ilé-iṣẹ́ géèmù orí fóònù ti rí àwọn ìpele mi. Ó ní kí n fi ọ́fíìsì sílẹ̀, kí n wá máa ya ìpele fún àwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ohun tí mo fẹ́ràn di iṣẹ́ òòjọ́ mi. Ọmọ mi obìnrin ní, “Mummy, kí lẹ tún ń rò sí?” Èmi náà ò mọ ohun tí mò ń rò. Mo kàn mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí pé nǹkan kan fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ti ṣèlérí pé màá fèsì lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, ilé wa ò jìnnà sí etí omi. Ìyá mi ń yan ẹja tà, èéfín sì ti wọ aṣọ ilé-ìwé wa débi pé tísà wa máa ń sọ pé òun ti ń gbóòórùn wa kí òun tó rí wa. Tí a bá ti ilé kéwú dé, àwọn ìyá wa á ti wà létí ọ̀sà, tí wọ́n ń retí àwọn apẹja. Ìdúró yẹn máa ń pẹ́. Àwọn àgbà á máa fi sọ̀rọ̀ ẹni tí ò sí níbẹ̀, àwa ọmọdé á máa la ọ̀nà fún akàn.

Sílífá ni ọ̀rẹ́ mi nídìí ẹ̀. Ojúlé kejì sí tiwa ni wọ́n ń gbé, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. A ó gbá iyanrìn tútù jọ, a ó fi mọ ògiri, a ó fi èèpo àgbọn ṣe ihò, àjákù àwọ̀n á di ìdènà, títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà tó jáde sí omi. Lẹ́yìn náà la ó gbé akàn kan sáàárín. Òfin wa ò pọ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan akàn náà mọ́, ọ̀nà kan sì gbọ́dọ̀ wà tó lè gbà dé omi. Tó bá dé omi, ó ti lọ nìyẹn, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó ń sin ìyàwó relé ọkọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ dá mọ, mo rò pé mo ti gbayì. Mo mọ ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gún régé, ó dùn ún wò. Akàn wọ ibẹ̀, ó há. A retí, a retí. Sílífá bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé ewúrẹ́ lo la ọ̀nà fún ni? Ìgbà wo lo rí akàn tó ń rìn síwájú?”

Ẹ̀gbẹ́ lakàn ń gbà rìn, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mo sì ti ń rí akàn látìgbà tí wọ́n ti bí mi ò rò ó! Sílífá ní tirẹ̀, ṣe ló máa ń dojú bolẹ̀, á gbé àgbọ̀n lé iyanrìn, á máa wo ọ̀nà láti ibi tí ojú akàn wà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ni Sílífá fi ń mọlé fún un. Títí dòní, tí mo bá ya ìpele kan tán, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé báwo ni ẹni tó máa wọ ibẹ̀ ṣe ń rìn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa géèmù ò ju ìyẹn lọ.

Bọ̀dá Ráṣídì, àbúrò ìyá mi, ló ba nǹkan náà jẹ́, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ọlọ́yàyà ni, tí ò lè rí ohun tó dùn kó má pe èèyàn wá wò ó. Ó rí wa lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Kálukú mú akàn tirẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ra kókóró fún wa. Orí wa wú! Àwa tí ẹnikẹ́ni kì í wò tẹ́lẹ̀, àgbàlagbà ló wá ń dúró dè wá.

Bí eré bí eré, ó di dandan. A ò gbọdọ̀ pẹ́ nílé kéwú mọ́. Bọ̀dá á ní, “Ẹ jẹ́ kó le sí i lónìí o, ti àná ti yá jù.” “Ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?” Tí a bá la ọ̀nà kan tí ò wù ú, á fẹsẹ̀ tú u ká, á ní ká tún un ṣe. Kókóró ò tán lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n bí iyanrìn ló ń rí lẹ́nu mi. Sílífá kì í dojú bolẹ̀ mọ́. Ògiri kan náà la ń mọ lójoojúmọ́, ibi tí akàn bá rí kó gbà á.

Ó wá di ọjọ́ kan, òjò ṣú. A ti gbá iyanrìn jọ, Bọ̀dá àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ni òjò bá dé, ó ń rọ̀ kíkankíkan. Gbogbo ògiri wa wó. Èmi àti Sílífá di ara wa mú, à ń fò sókè, à ń pariwo, “A ti bọ́! A ti bọ́!” Ìgbà tí a sá dé abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan ẹja, Sílífá yíjú sí mi. Ó ní, “Òjò ba eré wa jẹ́, a wá ń yọ̀?” Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ná, ọmọdé wo ló ń yọ̀ pé òjò ba eré òun jẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, Sílífá kojú Bọ̀dá. Mo fà á láṣọ, torí wọn kì í bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé wa.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ wá.”

“Kí ló rẹ̀ yín? Ṣebí eré lẹ̀ ń ṣe?”

“Tó bá jẹ́ eré ni, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ìyá mi tó ń to ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ráṣídì, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ẹ. Fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀ jàre.” Bó ṣe parí nìyẹn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí a tó tún fọwọ́ kan iyanrìn. Nígbà tí a padà, kò sẹ́ni tó mọ̀. A la ọ̀nà kan tó gùn, tó wọ́, tí ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Sílífá dojú bolẹ̀. Akàn náà yí, ó yí, ó fẹ̀gbẹ́ rìn jáde, ó wọ omi, inú wa sì dùn jọjọ. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá Sílífá kó gbogbo ilé rẹ̀ lọ sí Kútọnu, mi ò sì fojú kàn án mọ́ dòní. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo ti wá a títí lórí fóònù, àmọ́ Sílífá tó wà láyé yìí pọ̀ ju akàn lọ.

Ẹ má gbọ́ mi lódì o. Mi ò sọ pé iṣẹ́ burú. Mo fẹ́ràn ọ́fíìsì mi. Oníbàárà á ní kí n gbé ilé ìdáná kúrò lápá ọ̀tún, màá gbé e. Á tún padà wá ní kí n dá a padà, màá rẹ́rìn-ín, màá dá a padà. Òun ló ni ilé, èmi kọ́ ni màá gbé inú rẹ̀. Iṣẹ́ nìyẹn, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, ó sì níyì. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òógùn ló ya iṣẹ́ àti eré sọ́tọ̀, torí mo máa ń làágùn lórí ìpele kan ju bí mo ṣe ń làágùn lórí ilé alájà mẹ́ta lọ. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó ń ṣeré lè dìde nígbà tó bá wù ú, kó gbọn ara nù, kó máa lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ti ṣèlérí fún ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì ló dára, kí ọ̀kan ṣáà má gbé èkejì mì.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọmọ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti ní kí n kọ́kọ́ ya ìpele kan fún àwọn wò ná. Ó sọ bí kó ṣe gùn tó, ó sọ ibi tí ìpolówó ọjà á ti máa yọjú, ó ní kí n jẹ́ kó le níbì kan báyìí kí àwọn èèyàn lè sanwó kí wọ́n tó kọjá. Mo yà á débi ìdajì, wọ́n mú iná lọ. Kí n tó mọ̀, mo ti pàtẹ́wọ́, mo ní, “Alhamdulilahi!” Ní Nàìjíríà tiwa yìí! Ta ló ń dúpẹ́ pé wọ́n mú iná lọ? Mo tan ara mi jẹ pé ó rẹ̀ mí ni. Àná tí akàn ń họ ike ni mo wá mọ ibi tí mo ti yọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Etí omi wa ní Ẹ̀pẹ́ ti yí padà. Wọ́n ti da kọnkéré sórí ibi tí a ti ń gbá iyanrìn jọ, tí mo bá sì lọ, n kì í rí ọmọ tó ń la ọ̀nà fún akàn. Fóònù ló wà lọ́wọ́ wọn, àwọn àgbà sì ń bínú sí wọn. Èmi kì í bínú. Mo máa ń yọ́ lọ wò wọ́n látẹ̀yìn: ahọ́n ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ìyá wọn ń pè wọ́n, wọn ò gbọ́. Bí àwa náà ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà láàárọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, mo ní kó má bínú, mi ò ní í lè ṣe é.

“Ṣé a ṣẹ̀ yín ni, mà?”

“Rárá o, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó ṣì máa wù mí ni.”

Ó ní, “Ó yé mi, mà. Ká sòótọ́, èmi alára, mi ò rántí ìgbà tí mo gbá géèmù kẹ́yìn.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó wá kí wa ní Itamaga lọ́jọ́ Àìkú, kó wá gbá ìpele tuntun mi, kó má bá mi mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kankan dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á wá.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo mí kanlẹ̀ débi pé ọkọ mi yọjú wá bi mí bóyá ẹnìkan kú ni. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo wó ògiri kan tí mo ti ń mọ bọ̀ látọjọ́ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ó lè pẹ́ kó tó parí, ó sì lè má parí láéláé. Kò sẹ́nì kankan tó ń dúró dè é, ara mi sì fúyẹ́ gan-an.