Wọ́n ní máìkì mi ń ha

Inú mi dùn lónìí débi pé ojú ń tì mí díẹ̀.

Ìyá Súkúrà, akọrin wákà àdúgbò wa n'Ísẹ́yìn níbí, wá gbohùn sílẹ̀ nínú yàrá tí mo ti ń gba orin sílẹ̀ fáwọn akọrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kí wọ́n kọrin díẹ̀ kí n lè wọ̀n bí ohùn wọn ṣe tó. "Haló, haló" ni wọ́n rọra ń wí, bí ìyàwó tuntun tó ń kí ìyá ọkọ. Mo bá yí bọ́tìnnì ohùn sókè kí ohùn jẹ́jẹ́ yẹn lè wọlé.

Orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n figbe ta! Iná pupa tàn lórí ẹ̀rọ, gbogbo ohùn fọ́.

Ni Ìyá Súkúrà bá ń sọ káàkiri ọjà pé, "Máìkì Múfú ń ha!"

Òwúrọ̀ yìí ni wọ́n padà wá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá wa, ẹ fi gbogbo agbára yín kọ ọ́, kí n fi wọ̀n ọ́n."

Wọ́n kọ ọ́. Ó ti dáa lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n mo mirí.

"Ẹ tún un kọ, mà. Ẹ gbé e sókè sí i."

Ẹ̀ẹ̀meje!

Nígbà tí mo wá tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, "Bísímílláhì" lásán kò jáde lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́.

Mo ní, "Háà! Ìyá wa, ta ló wá ń ha báyìí?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ṣé ìyẹn ti tó, àbí kí n ní kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹjọ?